Iná Tó Ń Ta ní Lẹ́kkí, Tí Kì Í Ta ní Ajah

Kò sí ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀bù Àjíkẹ́ Akínọ̀ṣọ́ ní ọ̀nà Badore tí kì í sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ẹnikẹ́ni ò ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Aránṣọ ni Àjíkẹ́, sùtánà ló ń rán fún àwọn ìjọ aláṣọ funfun káàkiri Ajah, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀ fún un ni ohùn rẹ̀ ti di afẹ́fẹ́ lásán. Bó bá ti bi oníbàárà pé, "Ṣé kí apá rẹ̀ gùn?", oníbàárà náà á rẹ ohùn tirẹ̀ sílẹ̀, á sún mọ́ ọn bí ẹni tí wọ́n jọ fẹ́ jalè: "Kó gùn, mà." Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan yọjú, ó rí àwọn obìnrin tí ẹnu wọn ń mì tí ohùn ò jáde, ló bá bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé. Ó rò pé àdúrà ni wọ́n ń gbà.

Ìyẹn ṣì pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Èyí tí kò pa á lẹ́rìn-ín ni ọ̀rọ̀ ìkórè. Nínú ìjọ tirẹ̀, bí wọ́n bá fẹ́ gbé ẹrù ìkórè wọlé, wọn kì í lu ohunkóhun, wọn kì í sì í tan makirofóònù. Ohùn ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbé orin náà láti ẹnu ọ̀nà, kí ìjọ tó gbà á. Àjíkẹ́ ló ń gbé e láti ìgbà tí ó ti ń pọn Ànú ọmọ rẹ̀, Ànú tó ti ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ńlá kan ní Igbó Ẹfọ̀n báyìí. Lọ́dún yìí, Wòlíì ìjọ náà ti ní kí Ọmọ́wùnmí, akọrin mìíràn nínú ìjọ, máa fi orin náà kọ́ra, "bóyá."

Bóyá yẹn ni kò jẹ́ kí oúnjẹ dùn lẹ́nu Àjíkẹ́. Ọmọ́wùnmí lóhùn, kò sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ó máa ń fa orin bí ẹni tó ń fa omi nínú kànga jíjìn; kó tó fà á dókè, òùngbẹ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìjọ.

Ànú ló wá ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ohùn rí ní Lẹ́kkí Phase 1. Ọ̀dọ́mọbìnrin oníhíjáàbù kan ló gbà wọ́n, Àǹtí Màríàm ni gbogbo ará ibẹ̀ ń pè é.

"Màmá, ẹ wò ó bí ilẹ̀kùn aláwẹ́ méjì," Àǹtí Màríàm wí. "Bí ẹ bá fẹ́ sọ̀rọ̀, awẹ́ méjèèjì á pàdé nínú ọ̀fun yín. Iṣan tó ń darí ọ̀kan ló fara pa nígbà tí wọ́n ń yọ gẹ̀gẹ̀. Awẹ́ yẹn ń sùn."

"Kí lẹ wá fẹ́ fi jí i?"

"Iná, mà."

Àjíkẹ́ wo Ànú. Láti ọjọ́ tó ti dáyé, àwọn oníná ò tíì mú ohun rere kan wá sílé rẹ̀. Kó wá lọ gbé ọrùn fún wọn?

"Iná kékeré ni," Àǹtí Màríàm sáré fi kún un. "Bó bá ṣe ń ta iṣan yẹn, ẹ̀yin náà á máa ké *ààà*. Ó máa ń ran àwọn kan lọ́wọ́, kì í sì í ran àwọn mìíràn. Mi ò ní purọ́ fún yín."

Ó fi òwú nu ọrùn rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó lẹ páàdì rírọ̀ méjì mọ́ ọn bí pílásítà, ó sì tẹ ẹ̀rọ kan tí kò ju fóònù lọ. Kíá ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí ta Àjíkẹ́ ṣínṣín, àfi bí èèrà tó há sí kọ́là ẹ̀wù.

"Jésù!"

"Ẹ gbọ́ yẹn?" Àǹtí Màríàm rẹ́rìn-ín. "Ohùn wà nínú Jésù yẹn o."

Àjíkẹ́ gbọ́ ọ. Ohùn náà tín-ín-rín, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ni.

Wọ́n yá a ní ẹ̀rọ kan lọ sílé, kó máa lò ó láràárọ̀. Ọjọ́bọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni yóò sì máa padà wá sí Lẹ́kkí. Ó kọ́kọ́ gbé e lọ han Wòlíì, nítorí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń lẹ̀ mọ́ra láìsọ fún àgbà. Wòlíì yí ẹ̀rọ náà síwá sẹ́yìn, ó gbàdúrà sórí òróró ólífì kan, ó sì gbé ìgò náà lé e lọ́wọ́.

"Ohunkóhun tí o bá fẹ́ fi kan ọ̀fun yẹn, jẹ́ kí òróró yìí ṣáájú."

"Àmín, Bàbá."

Àjíkẹ́ kì í fi ọ̀rọ̀ Wòlíì ṣeré. Láràárọ̀, á kúnlẹ̀, á da òróró sọ́wọ́, á fi pa ọrùn rẹ̀ títí tí yóò fi máa dán, á wá lẹ páàdì mọ́ ọn, á tẹ ẹ̀rọ. Kò ní gbọ́ nǹkan kan. Kò ta á, kò rìn ín. Ṣùgbọ́n bí Ọjọ́bọ̀ bá dé tí ó wọ bọ́ọ̀sì kórópe lọ sí Lẹ́kkí, ẹ̀rọ kan náà á jí, á máa ta á.

"Àbí iná Lẹ́kkí le ju ti Ajah lọ ni?"

"Màmi, bátìrì ló ń lò," Ànú dáhùn. "Kò mọ àdúgbò." Ó pààrọ̀ bátìrì náà, ẹ̀rọ ò sì ta ẹnikẹ́ni.

Àjíkẹ́ gbé e lọ fún Ìsìmáílà tó ń tún fóònù ṣe nítòsí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ìsìmáílà wá páàdì tuntun nínú àpò ẹ̀rọ náà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ apá ara rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ló bá fò lórí àga.

"Yéè! Màmá Ànú, ẹ gbé nǹkan yín o! Ó ń ta èèyàn!"

Ọ̀rọ̀ wá dojú rú pátápátá. Ó ta Ìsìmáílà ní Ajah, ó ta òun fúnra rẹ̀ ní Lẹ́kkí, òun àti Ajah ni kò jọ fẹ́ bára mu. Wòlíì gbọ́, ó mi orí.

"Ọ̀tá ilé ni. Fi òróró kún òróró."

Ó fi kún un. Páàdì wá ń yọ̀ láti ọrùn rẹ̀ wá sí àyà, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbín tó ń sọ̀kalẹ̀ lára ògiri. Àjíkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí wo ara rẹ̀: bóyá ìgbàgbọ́ òun ni kò tó, bóyá Ọlọ́run ò sì fẹ́ ẹ̀rọ náà rárá. Ó kúnlẹ̀ tì í. "Olúwa, bí O bá fẹ́ kí n máa lò ó, jẹ́ kó ta mí. Bí O kò bá fẹ́, má jẹ́ kó ta mí mọ́."

Ní Ọjọ́bọ̀, ó ta á ní Lẹ́kkí. Nígbà tó padà dé Ajah, kò ta á. Olúwa ti dáhùn àdúrà méjèèjì.

Ìkórè ku díẹ̀, ohùn rẹ̀ ò sì tíì kọjá ohùn ẹni tí òtútù mú, nígbà tó sọ gbogbo rẹ̀ fún Àǹtí Màríàm. Àǹtí Màríàm gbé ẹ̀rọ náà fún un.

"Màmá, ẹ ṣe é bí ẹ ṣe ń ṣe é nílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ nǹkan kan kúrò."

Ojú ti Àjíkẹ́ díẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó gbàdúrà, ó yọ ìgò nínú báàgì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fi òróró pa ọrùn. Àǹtí Màríàm fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Màmá! Òróró ni! Kì í jẹ́ kí iná kọjá sínú ara, kì í sì í jẹ́ kí páàdì lẹ̀. Ìdí tí mo fi ń nu ọrùn yín nìyẹn."

"Òróró àdúrà ni o."

"Mo mọ̀, mà. Ìyá tèmi náà, òróró tí wọ́n ka Kùránì sí ni wọ́n fi ń pa mí látorí dé ẹsẹ̀. Mi ò ní kí ẹ dà á nù."

Nínú kórópe tó ń gbé e padà, Àjíkẹ́ ń ronú. Bó bá fi òróró sílẹ̀, ó ti kọ ọ̀rọ̀ Wòlíì. Bó bá fi pa ọrùn, ó ti fi orin ìkórè lé Ọmọ́wùnmí lọ́wọ́. Kò dúró nílé, ọ̀dọ̀ Wòlíì ló sọ̀ sí. Wòlíì gbọ́ ọ tán, ó wo ìgò, ó wo ọrùn.

"Ṣé kì í jẹ́ kó kọjá lóòótọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí, Bàbá."

"Ó dáa. Kọ́kọ́ fi ṣáájú níwájú orí, kó o wá fi pa ọrùn bí o bá ti lo ẹ̀rọ tán. Ẹ̀mí Mímọ́ kì í bá bátìrì du ọ̀nà."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó fi ọṣẹ fọ ọrùn, ó lẹ páàdì tuntun. Èèrà inú kọ́là dé Ajah.

Ọjọ́ ìkórè pé, Wòlíì ò sì dárúkọ ẹni tí yóò gbé orin. Àjíkẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà láìwọ bàtà, ẹlẹ́rù tò sẹ́yìn rẹ̀, Ọmọ́wùnmí fara tì í pẹ́kípẹ́kí bí táyà ìrọ́pò. Ó gbé orin. Ohùn tó jáde kì í ṣe ti àtijọ́: ó rẹlẹ̀, ó ha díẹ̀, ó fẹ́ jọ ti ọkùnrin. Ìlà àkọ́kọ́ lọ. Láàárín ìkejì, ó já pù.

Àjíkẹ́ gbọ́ tí Ọmọ́wùnmí fa èémí sínú. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí ọrùn rẹ̀ fúnra rẹ̀, síbi tí páàdì máa ń wà, ẹnu rẹ̀ sì ṣe ohun tó ń ṣe láràárọ̀.

"Ààà..."

Ó jáde. Ó ń gbọ̀n, ó sì dúró. Ìjọ rò pé orin tuntun ni, wọ́n gbà á tọkàntọkàn: "Ààà!" Àwọn ọkùnrin, tí orin rẹ̀ ti ga jù fún láti ọdún pípẹ́ wá, bú sí i bí ààrá. Lórí *ààà* yẹn ni Àjíkẹ́ gùn padà sínú ìlà kejì, tí ẹrù ìkórè fi wọlé.

Lẹ́yìn ìsìn, Wòlíì ń sọ fún àwọn àlejò pé òróró ló ṣe é. Ànú ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ẹ̀rọ ni. Àjíkẹ́ jókòó sáàárín, kò mọ ìhà tí òun ì bá mi orí sí. Ọmọ́wùnmí wá sọ sí i létí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Màmá Ànú, ojú ewé wo ni *ààà* yẹn wà nínú ìwé orin?"

"Sọ̀rọ̀ sókè jàre," Àjíkẹ́ wí, àwọn tó wà níta sì gbọ́ ọ. "Èmi náà ò mọ ibi tó ti wá."