Ìwé Orúkọ Èrò Topo

Ọdún tí mo pé mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni ọ̀rẹ́ mi kan, tí a jọ kàwé ní Badagry, sọ pé òun ń bá àwọn ọ̀dọ́ ṣètò físà kan. Wàá lọ sí òkè òkun fún ọdún kan, wàá ká èso ápù, wàá sì fi owó rẹ̀ gbafẹ́. Ẹni tó bá ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kò lè gbà á mọ́. Nítorí físà yìí, mo jẹ́ kí ààyè tí mo rí nílé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ bọ́.

Ìyá mi kò dúró de físà. Ó ní àdúrà ló ń ṣáájú. Wọ́n ṣe ìsìn ìdágbére fún mi ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Topo, àwọn àgbà gbọ́wọ́ lé mi lórí, ìyá mi sì yan ẹja kún páálí kan. Mo lọ ń dúró de físà ní Badagry, oṣù mọ́kànlá ni mo sì fi pe ọ̀rẹ́ mi. Ohun kan náà ló ń sọ: "Ṣe sùúrù, wọ́n ti fẹ́ parí ẹ̀."

Níkẹyìn, èmi fúnra mi ka ìkànnì ìjọba orílẹ̀-èdè tó ń fúnni ní físà náà. Orúkọ àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń gbà wà níbẹ̀. Tiwa kò sí, kò sì fìgbà kan sí níbẹ̀ rí. Mo bi ọ̀rẹ́ mi.

Ó ní, "Mo mọ̀. Mo rò pé wọ́n á fi wá kún un ni."

Ìyá mi kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, torí gbogbo ènìyàn ló ń bi í bóyá mo ti dé ọ̀hún. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wa ọkọ̀ ojú omi láti Badagry sí Topo, mo sì ń retí ọ̀rẹ́ mi náà.

Ọdún kẹta, ní ọ̀sán Sátidé kan, ó dé èbúté wa ní Badagry nínú aṣọ funfun. Ọmọ Topo ló fẹ́ fẹ́. Ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ wọn ni, àwọn ẹbí rẹ̀ sì ti kọjá láàárọ̀. Atẹ́gùn ń le bọ̀, ọkọ̀ tèmi ló kẹ́yìn lọ́jọ́ náà. Òfin ni pé kí n kọ orúkọ èrò sínú ìwé kí a tó ṣí. Mo kọ ti gbogbo wọn, mo fo tirẹ̀.

"Èmi ńkọ́?"

"Orúkọ ẹ ò sí nínú ìwé."

"Jọ̀ọ́, kọ ọ́ sí i. Àwọn àna mi ti jókòó."

"Ṣe sùúrù," mo dá a lóhùn. "Wọ́n á fi ẹ́ kún un."

Mo ṣáná sí ẹ́ńjìnnì. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́.

Nígbà tí mo gúnlẹ̀ sí Topo, àwọn àna ti tò sí etí omi, wọ́n ń bi ara wọn bóyá ọkọ ìyàwó ti dé. Ìyá mi wà láàárín wọn. Ó wo ọkọ̀ mi, ó wo ojú mi, ó kọrí sílé.

Ní àárọ̀ Sọ́ńdè ọjọ́ kejì, ó ti wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì kí n tó jí.