Àwòdì Tí Jàbárù Fẹ́ Yà

Ẹni tó bá gbé Zuba lọ́dún 2001 á ti gbọ́ nípa ìkómọ Alájì Sùlàímọ́nù. Jàbárù, onífọ́tò ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ni wọ́n pè wá ya ọmọ. Lèmọ́ọ̀mù gbé ọmọ sókè, gbogbo èèyàn dákẹ́, àfi fìrì tí àwòdì já wálẹ̀, tó gbé alángbá lórí páànù. Jàbárù yí kámẹ́rà kúrò lára ọmọ, ó ń tẹ̀ ẹ́ títí fíìmù fi tán. Fọ́tò mẹ́tàlá ló kó dé. Méjìlá jẹ́ ojú ọ̀run lásán.

"Jàbárù, ọmọ mi dà?"

"Ẹ fara balẹ̀ wò ó, Alájì. Nínú ìkẹtàlá yìí, etí rẹ̀ nìyẹn."

Kì í ṣe àwòdì tó bà sórí wáyà iná ló ń wá o. Ìgbà tí èékánná rẹ̀ bá kan ẹran gan-an ló fẹ́ yà. Láti 1999 ló ti ń lé e, ìrù ẹyẹ nìkan ló máa ń mú bọ̀. Ràdíátù ìyàwó rẹ̀ á yí fọ́tò náà sọ́tùn-ún, á yí i sósì: "Bàbá Balkis, àdìyẹ wa tó wà lẹ́yìnkùlé, ẹ ò yà á rí."

"Èyí tó máa ń dúró kí wọ́n yà á? Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?"

Tí ọyẹ́ bá dé, tí wọ́n bá ń sun igbó lọ́nà Gwagwalada, àwòdì á pé lé ibẹ̀ lórí, torí eku àti tata tó ń sá fún iná. Lọ́dún 2004, Jàbárù fi ìró aláwọ̀ ewé Ràdíátù bora, ó dùbúlẹ̀ sínú koríko. Ọdẹ Gbàgyí kan, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, rò pé ẹran ni, ó gbé kùmọ̀ sókè.

"Kai! Èèyàn ni!"

"Sànnu, sànnu," ni Jàbárù kí i kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Jọ̀ọ́, sún díẹ̀, o ti dí mi lójú."

Nígbà tó délé, Ràdíátù béèrè ìró rẹ̀. Ó na èyí tí iná jẹ kù sí i: "Ìyókù nìyí."

Lọ́dún 2006, dókítà sọ pé ojú òsì Jàbárù ti lọ, ti ọ̀tún náà sì ń tẹ̀ lé e. Ràdíátù bú sẹ́kún. Jàbárù ní, "Ẹ ṣeun, Dókítà. Ojú kan ṣoṣo la fi ń ya fọ́tò."

Ṣùgbọ́n òun náà mọ̀ pé ọyẹ́ ọdún yẹn ni ìgbẹ̀yìn. Ó mú Ràdíátù dání. "Tó bá ti ń já bọ̀, gbá mi léjìká. Màá tẹ̀ ẹ́."

Wọ́n dúró láti àárọ̀. Nígbà tí oòrùn kàtàrí, àwòdì kan pa ìyẹ́ mọ́ra, ó já. Ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, ìrù rẹ̀ ṣí bí abẹ̀bẹ̀, eérú fò sókè, ó gbé eku kọjá níwájú wọn tó bẹ́ẹ̀ tí atẹ́gùn ìyẹ́ rẹ̀ fi kàn wọ́n lójú.

"Ṣé ó ń bọ̀?" ni Jàbárù bi í, kámẹ́rà lójú.

"Ó ti lọ."

"O ò gbá mi!"

"Yéè! Bàbá Balkis, mo gbàgbé. Ó ti dára jù!"

Ràdíátù rò pé yóò bínú. Ẹ̀rín ló bú sí, ó rín in títí ó fi jókòó sínú eérú. "Ọdún méje! Ó wá yé ọ, àbí? Ó wá yé ọ!"

Kò gbé kámẹ́rà lọ síbẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn ìrun alásàárì, á kàn ní, "Sọ ọ́ fún mi," Ràdíátù á sì sọ ọ́, títí di oṣù kẹjọ ọdún 2008 tí Ọlọ́run gba Jàbárù.

Ní fídáù ọjọ́ kẹjọ, wọ́n bi Ràdíátù bóyá Jàbárù rí àwòdì yẹn yà nígbẹ̀yìn.

"Kò rí i yà. Èmi ni mo gbàgbé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó fi ìborùn nu ojú. Ó wá dìde láàárín wọn, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú: "Ẹ wò ó, báyìí ló ṣe já wálẹ̀."