Àwo Ìkẹyìn Tí Kò Ní Ìlù

Òórùn iṣu sísun ló gba ojú fèrèsé wọlé lánàá, ẹ̀yin ọmọ mi, ni oúnjẹ bá kúrò lọ́kàn mi. Àwọn tó ń sun iṣu tuntun wọn kò mọ̀ pé ọgbẹ́ àtijọ́ ni wọ́n ń tọ́.

Nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé Èkìtì, a ní ẹgbẹ́ olórin kan nílùú wa, lẹ́bàá Ìsàn. Èmi ń ta gìtá, Káyọ̀dé ń lùlù, Ṣadé ń kọrin. Kì í ṣe jùjú, kì í ṣe fújì. Rọ́ọ̀kì ni, tí gìtá ń han bí ilẹ̀kùn onírin tí kò rí epo. Àwọn àgbà ní orí wa ti yí. Wọn kò kúkú parọ́! Ṣùgbọ́n bí Ṣadé bá lanu, ọlọ́kadà tó ń lọ sí Ìtàjí á pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

A ń múra àwo kẹta lọ́wọ́ nígbà tí gẹ̀gẹ̀ ọrùn Ṣadé wú débi pé èémí ń há a. Dókítà ní àfi iṣẹ́ abẹ, kíákíá, ó sì sọ ọ́ gbangba pé ohùn rẹ̀ lè má padà. A wá ẹni tó ní ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀, ó dé. Háà! Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni èèwọ̀ ìlù bẹ̀rẹ̀: nílùú wa, ẹnikẹ́ni kì í lùlù títí ọba yóò fi jẹ iṣu tuntun.

Káyọ̀dé dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ̀ àgbà, olórí àwọn tó ń ṣọ́ èèwọ̀ náà.

“Ulé mi kọ́ ni èèwọ̀ á ti bàjẹ́,” ni bàbá wí. Ó parí.

Ṣadé ní, “Ẹ jẹ́ n kọ ọ́ láìsí ìlù. Bí mo bá dúró de iṣu, ta ni yóò dúró de ọ̀fun mi?”

Kíláàsì kan la ti gbà á sílẹ̀ lọ́sàn-án. Káyọ̀dé fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan, kí wọ́n má baà lu nǹkan. Ṣadé á kọrin, á dáwọ́ dúró, á di ọrùn mú, á tún bẹ̀rẹ̀. Èmi ń ta gìtá tẹ̀lé e. Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì jáde, àwọn èèyàn fi wá ṣẹ̀sín: rọ́ọ̀kì wo ni kò nílù, ọbẹ̀ aláìníyọ̀!

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ṣadé yè, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ohùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ló kù sí i lẹ́nu. Ẹgbẹ́ wa sì tú ká.

Kásẹ́ẹ̀tì ti di ohun àwátì báyìí. Èèwọ̀ yẹn ṣì wà, kò sì dùn mí mọ́ bíi tìgbà yẹn. Lọ́dún tó kọjá, mo gbé àwo náà sórí fóònù, mo gbé e lọ sílé Ṣadé. Ọmọbìnrin rẹ̀ dúró gbọnin, ó ń gbọ́.

“Màámi, ta ló ń kọrin yìí?”

“Èmi ni,” ni Ṣadé dáhùn. Ṣùgbọ́n ohùn inú orin náà bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀, ọmọ náà kò sì gbọ́.