Fọ́tò Ẹsẹ̀ Màámi

Mo rántí ìgbà tó jẹ́ pé fọ́tò ẹsẹ̀ àwọn ìyá àgbà ni mò ń yà jẹun. Yàrá kan nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Fọlá Agoro ni mo ti ń ṣe é, lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn atẹ̀wé, tí ẹ̀rọ wọn ń mú kí ilẹ̀ máa gbọ̀n lábẹ́ wa láti àárọ̀. Mo ti gboyè nínú iṣẹ́ yíya àwòrán inú ara, mo sì ti sọ fún gbogbo ẹbí pé ilé ìwòsàn ńlá ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ilé ìwòsàn ńlá kò pè mí, mo gbà pé ẹsẹ̀ náà kúkú jẹ́ ara ènìyàn.

Gbogbo àdúgbò ń pe ọ̀gá mi ní Dókítà Ṣáínà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ìyá rẹ̀ ló sì máa ń gbé ọbẹ̀ wá fún un lọ́jọ́ Sátidé. Ó ti pẹ́ ní Ṣáínà, níbi tó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ wo àìsàn. Àwọn àgbà ibẹ̀ gbà pé agbára kan tí wọ́n ń pè ní ṣíì ń rìn nínú ara, ó ń gba àwọn ojú ọ̀nà tí ojú kò rí, àti pé bí ojú ọ̀nà bá dí, àìsàn dé nìyẹn. Dókítà gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ nìkan kò tó o, ó fẹ́ fojú rí i. Ó wá kámẹ́rà kan tí kì í ya ojú ènìyàn, ooru ara rẹ̀ ló ń yà: ibi tó bá gbóná a pọ́n bí epo, ibi tó bá tutù a dúdú bí aró. Tó bá gún abẹ́rẹ́ sí orúnkún, tí ooru sì gba ojú ọ̀nà tí àwọn ará Ṣáínà yà sínú ìwé dé ìka ẹsẹ̀, a jẹ́ pé òdodo ni. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Mo wọ kóòtù funfun, mo ń tẹ bọ́tìnì.

Màámi ń yan ẹja létí ọ̀sà ní Bàríga, bí àwọn Ìlàjẹ tó bí i ti ń ṣe. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti ń ro ó tipẹ́. Tó bá rìn díẹ̀, a dúró, a máa ṣe bí ẹni tó ń wo ọjà ọlọ́jà. Kò gbà ká gbé òun lọ sílé ìwòsàn, nítorí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ ń ta ẹja lọ síbẹ̀ nítorí egbò, ẹsẹ̀ kan ló gbé bọ̀. Ó ní òun kò ní ẹsẹ̀ tí òun máa fi ta wọ́n lọ́rẹ. Ẹ̀rù ń bà mí, torí àwọ̀ ìka ẹsẹ̀ yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ pé fọ́tò lásán la máa yà, ara rẹ̀ yá. Ó pẹ́ tó ti ya fọ́tò kẹ́yìn.

Ó dé pẹ̀lú léèsì, gèlè, àti pọ́ńdà lójú. Mo ní ẹsẹ̀ nìkan la fẹ́. Ó ní kí n ya gbogbo rẹ̀, kí n wá mú ẹsẹ̀ níbẹ̀. Ẹsẹ̀ méjèèjì pọ́n rokoṣo lójú kọ̀ǹpútà, Dókítà sì ní, “Màmá, iná wà lára yín gan-an.” Màámi rẹ́rìn-ín títí tó fi dé Bàríga. Èmi náà pe àbúrò mi lórí fóònù, mo fi ohùn ẹni tó kàwé sọ fún un pé kò sí nǹkan kan tó ṣe ẹsẹ̀ náà.

Ohun tó kọ́kọ́ fu Dókítà lára ni pé kò sí ìyá kan ní Ṣómólú àti Bàríga tí iná kò sí lára rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ìyá kan wọlé, òórùn ìpara rẹ̀ sì ta wá lójú débi pé a ṣí fèrèsé. Dókítà bi í pé kí ló ṣe kó tó wá.

“Àbí kí n gbé ẹsẹ̀ ìdọ̀tí wá síwájú dókítà?”

Ìgbà yẹn ló yé wa. Gbogbo wọn ló ń ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná nílé, tí wọ́n ń fi kànìnkànìn bó o, tí wọ́n sì ń fi ìpara tó ń ta ra á. Omi gbígbóná la ti ń yà ní fọ́tò láti ọjọ́ yìí. Dókítà ṣòfin pé kò gbọdọ̀ sí omi gbígbóná, kò gbọdọ̀ sí ìpara, a sì tún pe gbogbo wọn padà.

Màámi gba òfin náà bí ẹ̀gbin. “Kí n má wẹ̀ kí n tó jáde nílé? Ṣé òkú ni mí, tí wọ́n máa wẹ̀ mí níbẹ̀?” Ó rò ó títí, ó wá rí i pé omi gbígbóná ni òfin kọ̀, ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ omi tútù. Ó fi omi kànga fọ ẹsẹ̀ títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó dé, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ amúlétutù, ó ń kùn.

Ẹsẹ̀ méjèèjì dúdú lójú kọ̀ǹpútà. A ní ká dúró díẹ̀ kí ara rẹ̀ balẹ̀. Nígbà tó yá, ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, láti ọrùn ẹsẹ̀ títí dé ìka. A ń retí òsì. Òsì kò dá wa lóhùn. Dókítà ti mú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Ó fi ìka tẹ ọmọ ìka ẹsẹ̀ náà, ó wò ó, ó sì dá abẹ́rẹ́ padà sínú àpò rẹ̀.

“Màmá, mi ò ní gún yín lónìí.”

“Kí ló dé? Ṣé ara tèmi ni kò gba abẹ́rẹ́ ni?”

“A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ẹ̀jẹ̀ ò dé ẹsẹ̀ yìí dáadáa. Ẹ lọ ṣe síkáánì ní Palmgrove báyìí báyìí, ọmọ yín á bá yín lọ.”

“Wọ́n á gé e.”

“Tẹ́ ẹ bá dúró, wọ́n á gé e. Tẹ́ ẹ bá tètè lọ, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má gé e.”

Màámi wo àwòrán náà pẹ́. Ó bi mí pé ṣé òun ló ni dúdú yẹn, mo ní òun ni. Ó di ọwọ́ mi mú bá a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ohun tí kò ṣe mọ́ láti ìgbà tí mo ti kúrò lọ́mọdé, ẹ̀rù sì bà mí débi pé mo gbàgbé láti bọ́ kóòtù funfun.

Ní Palmgrove, wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìró ẹ̀jẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀. Ọ̀tún ń dún ṣùà, ṣùà. Òsì ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Láti ibẹ̀ la ti gba ilé ìwòsàn lọ, wọ́n sì ti okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n la ibi tó dí. Ọmọ ìka kan péré ni wọ́n gé. Màámi ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, bàtà tó ti ń fún òun tẹ́lẹ̀ wá gba òun. Ojú ọ̀nà kan dí lóòótọ́, kì í kàn ṣe èyí tó wà nínú ìwé Dókítà.

Ní ti Dókítà, nígbà tó gún àwọn ènìyàn níbi tí ìwé wí, ooru rìn. Nígbà tó gún wọn níbi tí ìwé kò wí, ooru tún rìn bákan náà. Ó pe gbogbo àwọn ìyá jọ, ó fún wọn ní mínírà, ó ní, “Ẹ̀yin ìyá mi, mi ò rí ojú ọ̀nà náà.” Kò sí àwíjàre kankan nínú ohùn rẹ̀. Ìyá kan bi í pé ṣé àwọn ṣì máa rí fọ́tò àwọn gbà.

Ilé ìwòsàn ńlá ti pè mí báyìí, gbogbo ara ni mo sì ń yà. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé látìgbà náà, ṣùgbọ́n àwọn tó lè dá abẹ́rẹ́ wọn padà sínú àpò kò pọ̀. Màámi ṣì ń yan ẹja. Ó fi férémù sí fọ́tò ẹsẹ̀ méjèèjì tí a yà kẹ́yìn, ó gbé e kọ́ sí pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò bàbá mi, tí àlejò bá sì béèrè, á sọ pé ẹni tó kọ̀ tí kò gún òun ló wo òun sàn. Ó sì máa ń darí wọn sọ́dọ̀ Dókítà pé kí wọ́n lọ gún abẹ́rẹ́.

Nígbà tí mo lọ kí i kẹ́yìn, ó ní kí n wá tún fọ́tò náà yà, kò dáa kí àlejò máa rí ẹsẹ̀ òsì òun ní dúdú. Kámẹ́rà yẹn kò sí lọ́wọ́ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹsẹ̀ òsì náà, níbi tí ọmọ ìka wà tẹ́lẹ̀. Ó gbóná.

“Ṣé ó pọ́n?” ló bi mí.

Mo ní ó pọ́n, Màámi.