Òògùn Inú Gbànja

Obì gbànja ni ìdílé wa ń tà ní Mákun, ní Ṣàgámù. Nígbà tí àbúrò mi ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́, dọ́kítà fún un ní òògùn tí yóò máa lò lójoojúmọ́. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó ní òun ò lò ó mọ́. Màmá wa bẹ̀ ẹ́ títí. Èmi tí mi ò ní sùúrù, ariwo ni mo pa mọ́ ọn.

Ni màmá wa bá dá ọgbọ́n kan. Wọ́n ní obì korò, òògùn náà korò, ta ló máa mọ ìyàtọ̀? Àràárọ̀ ni àbúrò mi ń jẹ obì. A lọ hóró òògùn di lúbúlúbú, a la gbànja sí awẹ́ méjì, a tẹ̀ ẹ́ sáàárín, a pa á dé. Ọgbọ́n oníṣòwò obì! A gbàgbé pé ọmọ oníṣòwò obì ni òun náà. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tiwa ò pé ọjọ́ mẹ́ta.

Ó tu obì náà sílẹ̀, ó wò wá lójú. "Ẹ fẹ́ pa mí."

Láti ọjọ́ náà, kò fẹnu kan oúnjẹ wa mọ́. Búrẹ́dì tó fọwọ́ ara rẹ̀ rà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ bó ló ń jẹ. Ó ń rù. Ẹ̀rù bà mí gan-an, ojú sì tì mí: àwọn ohùn náà ti ń sọ fún un pé ọ̀tá rẹ̀ ni wá, àwa fúnra wa la wá jẹ́rìí sí i.

Nọ́ọ̀sì tí a sáré lọ bá kò bá wa wí. Ó kàn ní, "Ẹ jẹ́wọ́ fún un."

Màmá wa kì í ṣe ẹni tó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, wọ́n jókòó tì í níbi tó ti ń ṣa obì, wọ́n gbé páálí òògùn síwájú rẹ̀. "Ọmọ mi, mo tàn ẹ́. Òògùn yìí ni mo fi sínú obì. Má bínú."

Ó ń ṣa obì rẹ̀ lọ. Ẹnu ń yún mi, mo pa á mọ́.

"Ìyá, òògùn yẹn ń mú mi sùn jù. Mi ò lè ṣe nǹkan kan. Ẹ ò bi mí rí."

Lóòótọ́, a ò bi í rí.

A jọ padà sọ́dọ̀ dọ́kítà, wọ́n sì pààrọ̀ òògùn náà. Òun fúnra rẹ̀ ló ń lò ó báyìí, lójú gbogbo wa. Àwọn ohùn náà ò tíì lọ tán, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá dé, ó ń sọ fún wa.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí a ti ilé ìwòsàn dé, màmá wa se ìkọ́kọrẹ́. A ò pè é, ẹ̀rù ń bà wá. Ó wọ ilé ìdáná fúnra rẹ̀, ó mú abọ́, ó nà án sí màmá wa.

"Ẹ bu tèmi, Ìyá. Ebi ń pa mí."