Ọ̀rọ̀ Tí Kò Sí Nínú Orin

Inú ihò kan níwájú pèpéle ni Asọ̀rọ̀kẹ́lẹ́ ti ń ṣiṣẹ́. Ilé eré ọpẹ́rà ni, níbi tí òṣèré kì í ti í sọ̀rọ̀ lásán. Orin ni wọ́n fi ń fẹ́ra, orin ni wọ́n fi ń jà, orin náà ni wọ́n fi ń kú. Àwọn èrò ìwòran kì í rí obìnrin náà, torí pákó kékeré kan bò ó lórí. Àwọn olórin nìkan ló ń rí ojú rẹ̀. Kí olórin tó la ẹnu, òun á ti sọ ọ̀rọ̀ tó kàn fún un wúyẹ́wúyẹ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa gbàgbé. Ibẹ̀ ló ti gba orúkọ yẹn, débi pé ọkọ rẹ̀ pàápàá ń pè é bẹ́ẹ̀ nílé.

Iṣẹ́ tí kì í jẹ́ kí ọkàn ẹni balẹ̀ ni. Lọ́jọ́ tí eré bá wà, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ á gbé tíì síwájú rẹ̀, á máa wò ó bó ṣe ń fi ṣíbí rò ó títí á fi tutù.

"Ìwọ kọ́ lo máa kọrin o," lọkọ rẹ̀ á wí.

"Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn," lòun á dáhùn. "Ká ní èmi ni mò ń kọ ọ́ ni, ǹ bá mọ ohun tó máa jáde."

Ẹni tó ń já a láyà jù ni ọ̀gá olórin tí wọ́n ń pè ní Ohùn Àrá. Bí ọkùnrin náà bá gbóhùn sókè, gíláàsì ojú fèrèsé á máa gbọ̀n. Àmọ́ orí rẹ̀ kì í gba ọ̀rọ̀ dúró. Kò kọ́ orin kankan sórí rí. Ètè Asọ̀rọ̀kẹ́lẹ́ ló máa ń tẹjú mọ́, ohun tó bá sì ti jáde níbẹ̀ ni yóò kọ, láìbéèrè.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ilé eré kún dẹ́nu. Ohùn Àrá wọ aṣọ àrán gígùn kan tó ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nínú eré náà, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ọba ni. Òkú ọba wà nílẹ̀, wọ́n tan àbẹ́là yí i ká. Ohùn Àrá dojú kọ ìyàwó rẹ̀ inú eré, ó fẹ́ dágbére fún un. Bó ṣe yí báyìí, etí aṣọ rẹ̀ gba orí àbẹ́là kọjá. Èéfín tín-ín-rín yọ.

Asọ̀rọ̀kẹ́lẹ́ rí i. Tó bá pariwo, èrò á sá, wọ́n á tẹ ara wọn pa lẹ́nu ọ̀nà. Tó bá dákẹ́, ọkùnrin yìí á jóná mọ́ orin. Ló bá na ọrùn, ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀:

"Aṣọ ẹ ń jóná."

Ohùn Àrá na ọwọ́ sí ìyàwó rẹ̀, ó gbóhùn sókè, ó sì kọ ọ́ tìfẹ́tìfẹ́: "Aṣọ ẹ ń jóná."

Ìyàwó wo aṣọ ara rẹ̀, kò rí nǹkan kan.

"Tìẹ ni mò ń wí," Asọ̀rọ̀kẹ́lẹ́ tún sọ. "Wo ẹ̀yìn ẹ."

"Tìẹ ni mò ń wí," Ohùn Àrá kọ ọ́ lọ sókè réré, omijé lé sí i lójú, "wo ẹ̀yìn ẹ."

Ni ìyàwó bá bẹ̀rẹ̀ sí í pòòyì, ó ń gbọn aṣọ rẹ̀. Àwọn elégbè tó dúró lẹ́yìn rò pé wọ́n ti yí ọ̀rọ̀ orin pa dà láìsọ fáwọn. Kí ojú má bàa tì wọ́n, wọ́n gbè é: "Wo ẹ̀yìn ẹ, wo ẹ̀yìn ẹ." Òógùn bo olùdarí orin, ó kàn ń yí orin po síbi kan náà ni. Iná ti ń gun àrán bọ̀. Asọ̀rọ̀kẹ́lẹ́ gun orí àga, ó fẹ́ gba ihò yẹn jáde lójú gbogbo ayé, ni ìbàdí rẹ̀ bá há.

Òkú ọba ló gbà wọ́n. Ó la ojú kan, ó rí iná, ó dìde jókòó, ó fa ìrọ̀rí abẹ́ orí rẹ̀ yọ, ó sì fi lu ìdí Ohùn Àrá títí iná fi kú. Ó wá dá ìrọ̀rí pa dà sáyè rẹ̀, ó sùn, ó tún kú. Àwọn èrò ìwòran dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Asọ̀rọ̀kẹ́lẹ́ ò gbọ́ àtẹ́wọ́ kankan. Nígbà tí wọ́n fà á jáde, ó lọ mú báàgì rẹ̀, ó gbà pé iṣẹ́ ti bọ́. Máníjà pàdé rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Ohùn Àrá ń tẹ̀ lé e, aṣọ rẹ̀ ti lu lẹ́yìn.

"Màmá, ṣé ẹ̀yin lẹ sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún un?"

"Èmi ni, sà. Aṣọ rẹ̀ ń jó lóòótọ́ ni."

Máníjà yíjú sí Ohùn Àrá. "Ìwọ wá ń kọ ọ́ lórin?"

Ohùn Àrá tẹrí ba. "Màmá kì í ṣì mí lọ́nà," ó ní. "Ó sì bá orin náà mu."

Máníjà fẹ́ bínú, ẹ̀rín ò jẹ́. Ńṣe ló fara ti ògiri.

Ẹnikẹ́ni ò lé obìnrin náà. Wọ́n kó àbẹ́là kúrò, wọ́n fi gílóòbù kéékèèké sí i, wọ́n sì pàṣẹ fún Ohùn Àrá pé kó kọ́ orin rẹ̀ sórí. Kíṣìnnì Asọ̀rọ̀kẹ́lẹ́ ló ti wá ń kọ́ ọ láràárọ̀, ife á máa gbọ̀n lórí tábìlì, ọkọ obìnrin náà á sì sá lọ sílé aládùúgbò.

Nígbà tí wọ́n tún ṣeré náà, bàbá àgbà kan lọ bá máníjà pé kí ló dé tí wọ́n yọ ibi tó dùn jù kúrò. Asọ̀rọ̀kẹ́lẹ́ gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Àmọ́ títí dòní, tó bá ti wọnú ihò rẹ̀, etí aṣọ àwọn olórin ló máa ń kọ́kọ́ wò, kó tó wojú wọn.