Fáìlì Ọmọ Tí Kì Í Kíni

Òórùn Détóòlù àti ti àgbàdo sísun ló máa ń pàdé ara wọn ní kọ́rídọ̀ ilé ìwòsàn wa ní Ìkòtún, láàárín àwọn ọdún 1990. Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn àgbàdo sísun, ojú a máa tì mí. Má rẹ́rìn-ín, màá ṣàlàyé.

Dókítà ọpọlọ méjì péré ni wá níbẹ̀, èmi àti ọ̀rẹ́ mi obìnrin kan tí a jọ jáde ní yunifásítì. Èmi ni mo máa ń ṣe ipò kìíní nígbà náà, ìwé mi ni òun sì máa ń yá kà bí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí lẹ́tà wá dé pé kí ọ̀kan nínú wa lọ sí ìlú òyìnbó fún oṣù mẹ́ta, kó lọ kọ́ nípa ọ́tísíìmù tí kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ kan tètè sọ̀rọ̀, mo ti ń wo kóòtù òtútù kiri ọjà. Òun ni ọ̀gá wa mú. Mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, mo ní kú oríire. Ẹni tó ń yá ìwé mi kà!

Nígbà tó dé, ó kó àga kúrò nínú yàrá rẹ̀, ó tẹ́ ẹní sílẹ̀. Ó ní bí ọmọ bá wọlé, òun kì í pè é, òun kì í tẹjú mọ́ ọn, òun á kàn jókòó jẹ́ẹ́ títí ọmọ yóò fi wá bá òun fúnra rẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì sọ ọ́ ní Dókítà Ẹlẹ́ní. Èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀, àmọ́ tèmi kì í ṣe eré. Ó wá bẹ̀ mí pé kí n kó fáìlì àwọn ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ wá, ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò, kí èmi náà lè mọ ohun tó kọ́ bọ̀.

Mo ní ọ̀kan. Ọmọbìnrin ọlọ́dún márùn-ún ni. Tíṣà ni ìyá rẹ̀, ará Èkìtì tó ń gbé ní Ẹgbẹ́dá. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wá, mo ní kí ọmọ kúnlẹ̀ kó kí mi ná kí n tó yẹ̀ ẹ́ wò, bí mo ṣe máa ń ṣe fún gbogbo ọmọ. Kò kúnlẹ̀, kò sì wojú mi. Ìdérí ìgò mínírà ló ń tò sílẹ̀ gbọọrọ, lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń to ìdérí rẹ̀ lọ. Mo bá kọ ọ́ sínú fáìlì pé alágídí ni, wọn ò kọ́ ọ nílé. Ìyá rẹ̀ rí ohun tí mo kọ láti òdìkejì tábìlì.

"Mò ń kọ́ ọ, Dókítà," ló wí. "Ojoojúmọ́ ni mò ń kọ́ ọ."

Mo ní kó túbọ̀ fọwọ́ líle mú un.

Ìwọ náà rò ó wò, ṣé fáìlì yẹn ni mo fẹ́ gbé fún Dókítà Ẹlẹ́ní, kó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́? Mo tì í sínú dúrọ́ọ̀. Oṣù mẹ́jọ ló fi wà níbẹ̀. Ìyá ń mú ọmọ wá, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo sì ń tún sọ fún un.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, òjò dá mi dúró, yàrá mi sì wà ní títì. Nọ́ọ̀sì bá ní kí ìyá àti ọmọ lọ jókòó lọ́dọ̀ Ẹlẹ́ní. Nígbà tí mo fi máa dé ẹnu ọ̀nà, ọmọ ti ń to ìdérí sórí ẹní, àgbàdo sísun tí wọ́n rà fún un sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú bébà. Ọ̀rẹ́ mi jókòó sílẹ̀, ó tẹ́ ọwọ́, ìdérí kan wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀. Ọmọ náà mú ìdérí yẹn, ó tò ó sí ìparí ìlà, ó sì tún na ọwọ́ pé òun ń fẹ́ òmíràn.

Ìyá fọwọ́ bo ẹnu.

"Kì í ṣe agídí, Mọ́mì," ni ọ̀rẹ́ mi wí. "Ọ́tísíìmù ni wọ́n ń pè é, òun ni mo lọ kọ́ nílùú òyìnbó. Á kọ́ nǹkan, ọ̀nà tirẹ̀ ló yàtọ̀."

"Ìgbà wo lẹ ti dé láti ibi tẹ́ ẹ ti kọ́ èyí?"

"Ó ti tó oṣù mẹ́jọ, mà."

Ìyá yíjú, ó rí mi. Ó dìde, ó kúnlẹ̀ dáadáa, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, sà." Ó wá ní, "Dókítà, mo ti ń nà án o. Ẹ̀yin lẹ ní kí n fọwọ́ líle mú un."

Mo lọ mú fáìlì náà wá, mo fún ọ̀rẹ́ mi, ó ka ohun tí mo kọ, ó sì sún fún mi lórí ẹní. Má jẹ́ kí n tàn ọ́, mo ṣì ń jowú rẹ̀ bí mo ṣe jókòó, mo sì jowú rẹ̀ fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti lè sọ pé owú mi kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ẹni tí mo ń jowú kò pàdánù ohunkóhun. Ọmọ ọdún márùn-ún kan ló jẹ ẹgba owú mi.